Ìpajúdé Olùkọ́ Ìṣirò

Àwọn ọmọbìnrin ti wà lórí ìkúnlẹ̀, àwọn ọmọkùnrin sì ti dọ̀bálẹ̀, kí ògiri tó là. Ìmọ́lẹ̀ rú sókè láti ìsàlẹ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí omi tí a ń dà sínú ìkòkò, orí olùkọ́ wọn sì yọ díẹ̀díẹ̀ láàárín rẹ̀: gèlè aláró, iwájú orí gbọọrọ, ojú méjì tí ó dúró ṣinṣin. Wọ́n kí i ní ohùn kan. Ó dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì dárúkọ olúkúlùkù. Ó bi Ìbídùn léèrè bóyá ẹsẹ̀ tí ó fi kọ òkúta ti san. Ó sọ fún Àkànmú pé bí ó bá tún pẹ́ dé, iwájú ni yóò dúró sí títí ẹ̀kọ́ yóò fi parí.

Tẹjúmádé wà ní ẹ̀yìn kíláàsì. Ó kọ ẹ̀yìn sí ògiri, ó ń fi aṣọ tútù nu eruku kúrò lójú fèrèsé. Olùtọ́jú ògiri ni wọ́n ń pe iṣẹ́ rẹ̀. Òun ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn kí oòrùn tó yọ, òun ni ó ń so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọrùn-ọwọ́ àwọn ọmọ, òun náà ni ó sì ń tú u nígbà tí ooru ọ̀sán bá lé wọn lọ sílé. Ohùn olùkọ́ náà ni ó ń gbọ́ lójoojúmọ́. Kì í wo ojú rẹ̀. Moróunrántí ni orúkọ olùkọ́ náà. Tẹjúmádé ni ó bí i, ọmọ náà sì ti kú.

Ẹ̀kọ́ àárọ̀ ọjọ́ náà dá lórí pínpín omi. Ìdílé mẹ́rin ni ó ni àmù kan, ọ̀kan nínú wọn sì ti pọn ìpín tirẹ̀ lọ. Kí ni ó kù? Bí ọ̀rọ̀ bá yé ọmọ, ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ a dúdú bí kóró iṣin. Bí kò bá yé e, a pọ́n. Kò pẹ́ tí ti Àkànmú fi pọ́n.

“Àkànmú ti tún dáná,” ni ọmọ kan wí.

“Ẹ bá wa gbé àgbàdo wá kí a sun ún,” ni èkejì fi kún un.

Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Ògiri dákẹ́ títí ẹ̀rín fi rọlẹ̀, lẹ́yìn náà ni Moróunrántí yí ojú sí Àkànmú nìkan, ó ya àmù mìíràn, ó sì tún ọ̀rọ̀ náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ láìkánjú, bí ẹni pé kò sí ọmọ mìíràn ní ayé. Olùtọ́jú kò gbọdọ̀ dá sí i. Òfin Ohùn Kan kò fi àyè gba ẹnu kejì níwọ̀n ìgbà tí ògiri bá là, ìbáà tilẹ̀ jẹ́ láti sọ fún ọmọ pé kí ó fetí sílẹ̀. Ohùn kan ṣoṣo ni gbogbo ọmọ ilé-ìwé ìjọba gbọdọ̀ gbọ́ nínú ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ tálákà àti ọmọ ọlọ́rọ̀ má baà jẹ oúnjẹ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tí Àjọ Ẹ̀kọ́ Orí Ògiri wá ohùn tí yóò kọ́ni ní ìṣirò káàkiri ilẹ̀ yìí, ohùn Moróunrántí, ọmọ Ìdòfìn-Àpáta, ni wọ́n mú. Ọdún tí wọ́n mú un náà ni àìsàn mú un.

Ìlẹ̀kẹ̀ Àkànmú dúdú nígbẹ̀yìn. Tẹjúmádé gbọ́ bí olùkọ́ náà ti yìn ín. Ó fún aṣọ ọwọ́ rẹ̀, omi dúdú sì kán sí ilẹ̀.

Ọjọ́ yẹn ni ìrántí ọdún kẹta. Gẹ́gẹ́ bí òfin, òbí olùkọ́ tí ó ti kú, tàbí ọmọ rẹ̀, ní ọdún mẹ́ta láti béèrè pé kí a pa ojú rẹ̀ dé lára ògiri. Bí ó bá béèrè, ojú náà yóò lọ, kò sì ní padà mọ́. Àjọ yóò tún wá ohùn mìíràn, èyí tí kì í yá. Bí kò bá béèrè títí ògiri yóò fi sùn ní ọ̀sán ọjọ́ ìrántí kẹta, ojú náà di ojú ìlú, ohunkóhun tí ìjọba bá sì fẹ́ kí ó sọ ni yóò máa sọ. Moróunrántí kò bímọ. Baba rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Tẹjúmádé nìkan ni òfin mọ̀.

Nígbà tí àwọn ọmọ jáde lọ mu omi lábẹ́ igi ọ̀dán, Bàbá Ìbídùn ti ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Òun ni ó ń tún àwọn páànù tí ń fi oòrùn ṣe iná fún ìlú ṣe. Gíríìsì iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì jókòó nígbà tí Tẹjúmádé ní kí ó jókòó. Ó kí i dáadáa. Ó béèrè àlàáfíà. Lẹ́yìn náà ni ó ní òun gbọ́ pé aṣojú Àjọ ń bọ̀, òun sì ti rò ó títí pé kí òun má sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n oorun kò kùn òun. Lẹ́yìn òjò yìí ni Ìdánwò Ìrékọjá. Ọmọ tí ó bá yege ni yóò lọ sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ etí òkun, níbi tí omi wà. Ọmọ tí kò bá yege yóò dúró síbi tí àwọn òbí rẹ̀ dúró sí, yóò máa ṣọ́ páànù àti àmù. Kò sí ẹni tí ó lè yege láìsí ìṣirò. Ó ní kí Òfin Ohùn Kan tó dé, kí àwọn olùkọ́ tí ìjọba ń rán wá sí Ìdòfìn tó tú ẹrù wọn tán ni wọ́n ti ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé wọn padà. Moróunrántí nìkan ni ó dúró, ikú gan-an kò sì lè lé e kúrò níwájú àwọn ọmọ náà.

“Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, Màmá,” ni ó wí. “Òkú tiyín ni ẹ̀ ń rò. Ta ni yóò ro ti alààyè tiwa?”

Bí ọ̀rọ̀ náà ti jáde lẹ́nu rẹ̀ ni ó wo ilẹ̀. Tẹjúmádé kò bínú.

“Bí ó bá jẹ́ Ìbídùn ni ó wà lára ògiri yẹn ńkọ́, Bàbá Ìbídùn?”

“Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.”

“Àmín,” ni Tẹjúmádé wí. “Èmi náà gba àdúrà yẹn rí.”

Ọkùnrin náà dúró díẹ̀ sí i, ó ń fi àtàǹpàkò họ gíríìsì tí ó gbẹ sí i lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni ó kí i, ó sì lọ.

Kì í ṣe pé Tẹjúmádé kò rí òtítọ́ inú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó rí i dáadáa, ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ kí ọdún mẹ́ta kọjá láìṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ó tún ti rí ohun tí ń jẹ́ ojú ìlú. Ní ìlú kan ní òdìkejì odò tí ó ti gbẹ, olùkọ́ ìtàn kan wà tí wọ́n ń pè ní Adégbìtẹ́, ẹni tí àwọn ọmọdé fẹ́ràn gidigidi. Lẹ́yìn tí ojú rẹ̀ di ojú ìlú, òun ni ìjọba gbé sára ògiri ọjà láti sọ fún àwọn àgbẹ̀ pé kí wọ́n kó kúrò lórí ilẹ̀ baba wọn kí àsìkò ìkórè tó pé. Ohùn pẹ̀lẹ́ tí ó fi ń kọ́ni ni ó fi sọ ọ́. Àwọn ènìyàn bu yanrìn lù ú. Tẹjúmádé wà ní ọjà náà lọ́jọ́ yẹn, ó rí baba olóògbé, arúgbó tí ó ti tẹ̀, bí ó ti la àárín èrò kọjá, tí ó sì ń fi etí agbádá rẹ̀ nu yanrìn kúrò lójú ọmọ rẹ̀, tí ọmọ náà kò sì dẹ́kun àtimáa wí pé kí wọ́n kó lọ.

Ohun tí ó so ọwọ́ rẹ̀ ju gbogbo rẹ̀ lọ ni àṣà. Bí ògiri tilẹ̀ ti gba iṣẹ́ olùkọ́, tí oòrùn sì ti gba odò lọ́wọ́ Ìdòfìn-Àpáta, ohun kan kò tíì yí padà níbẹ̀: òbí kì í sin ọmọ, òbí kì í sì í mọ ibojì ọmọ rẹ̀. Bí ọmọ bá ṣáájú ìyá rẹ̀ lọ, àwọn ẹgbẹ́ ọmọ náà ni í gbé e. Inú yàrá ni ìyá ń jókòó sí, ẹnikẹ́ni kò sì ní na ìka sí ibojì náà fún un títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún Tẹjúmádé. Nígbà tí Àjọ ní kí ó wá ṣe olùtọ́jú ògiri, àwọn àgbà ìlú jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lórí, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, wọ́n sì pinnu pé ògiri kì í ṣe ibojì, nítorí pé ibojì kì í kí ọmọdé lórúkọ. Síbẹ̀, láti ọjọ́ náà, Tẹjúmádé kò kọ ojú sí i.

Aṣojú Àjọ dé nígbà tí òjìji àwọn igi ti kúrú. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó mọ́ tónítóní ni, Kúforíjì ni orúkọ rẹ̀. Pẹ̀lú ẹ̀wù funfun tí ó wọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku fún Tẹjúmádé àti fún ọ̀gá ilé-ìwé, Ọ̀gbẹ́ni Ládépò. Wọ́n fi àwọn ọmọ sílẹ̀ lábẹ́ igi, àwọn mẹ́ta sì wọ kíláàsì. Ládépò, tí ó ti ń ṣiṣẹ́ ilé-ìwé láti ìgbà tí ṣọ́ọ̀kì àti pátákó ṣì wà, jókòó sórí àga ọmọdé, ó sì ní òun kò wá láti gbani nímọ̀ràn; òun wá kí ẹni tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ má baà dá wà nìkan.

Kúforíjì ṣàlàyé bí ìpajúdé ti rí. Àtẹ́lẹwọ́ òbí ni yóò wà lára ògiri, ojú òbí ni yóò sì wà nínú ojú olóògbé, títí ìmọ́lẹ̀ yóò fi kú. Àwọn tí ó ṣe òfin náà rò pé òbí yóò fẹ́ rí ọmọ rẹ̀ ní ìgbà ìkẹyìn.

Tẹjúmádé béèrè bí ẹlòmíràn bá lè bá òun wò ó, bóyá ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ Moróunrántí tí wọ́n gbé e nígbà náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní òfin kò mọ ẹgbẹ́. Ó béèrè bí òun bá lè di ojú.

“Ògiri kò ní gbà á, mà.”

“Ìwọ náà ọmọ Yorùbá ni,” ni Ládépò wí láti orí àga kékeré rẹ̀. “O mọ ohun tí o ń ní kí ó ṣe.”

“Mo mọ̀ ọ́n, sà. Èmi kọ́ ni mo ṣe òfin náà.”

Ìtìjú hàn lójú rẹ̀. Bóyá ìtìjú náà ni ó mú un sọ ohun tí ó sọ tẹ̀lé e. Ó ní kò pọn dandan kí Màmá pa ojú náà dé. Ó ní àwọn tí ń tún ojú ṣe ní ọ́fíìsì Àjọ ti ronú nípa àwọn òbí. Bí òbí bá lè fi ojú ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìlú, ojú náà yóò máa kí i láràárọ̀, òun nìkan, kí àwọn ọmọ ilé-ìwé tó wọlé. Yóò máa bá a sọ̀rọ̀. Kò ní jẹ́ kí ó dàbí ẹni tí kò ní ọmọ. Kí ẹnikẹ́ni tó dá a dúró, ó ti fi ọwọ́ kan dígí kékeré tí ó mú dání, èyí tí ó fi ń darí ògiri.

“Ẹ káàárọ̀, Ìyá mi,” ni Moróunrántí wí lẹ́yìn Tẹjúmádé. “Ṣé ẹ jí ire? Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí ojú sí mi.”

Ohùn náà kò yàtọ̀ rárá. Tẹjúmádé fi ọwọ́ gbá ojú fèrèsé mú, Ládépò sì dìde kí ó lè dì í mú.

Moróunrántí kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Ilé ìyá Tẹjúmádé ni a ti tọ́ ọmọ náà, nítorí pé ọmọdé ni Tẹjúmádé fúnra rẹ̀ nígbà tí ó bí i. Ìyá àgbà ni gbogbo ilé ń pè ní Ìyá. Àwọn àbúrò Tẹjúmádé ń pè é ní Àǹtí, ohun tí ọmọ sì bá lẹ́nu wọn ni ó dì mú. Àǹtí ni ó ń pè é nígbà tí eyín rẹ̀ ń ká; Àǹtí ni ó ń pè é nígbà tí ó di olùkọ́; orí ibùsùn àìsàn, tí ètè rẹ̀ ti gbẹ, Àǹtí ni ó ní kí ó fún òun ní omi. Tẹjúmádé kò bá a wí sí i rí. Báwo ni ènìyàn yóò ti bẹ ọmọ rẹ̀ pé kí ó pe òun ní ìyá? Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, nígbà tí ó bá ń fọ aṣọ tàbí tí ó bá ń ṣa ìrẹsì, òun a máa dá ọ̀rọ̀ náà wí fún ara rẹ̀ nínú, pẹ̀lú ohùn ọmọ náà, kí ó lè mọ bí ì bá ti rí.

Bí ì bá ti rí gan-an ni ó rí. Ó dùn dé ibi tí ẹ̀rù fi bà á. Ó mọ̀ pé bí òun bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i, òun yóò yí ojú, òun yóò sì máa wá ní àárọ̀ ọ̀la, àti ní ọ̀túnla. Òun yóò jókòó níwájú ògiri bí ẹni tí ń tọrọ, nígbà tí ó bá sì di ọjọ́ kan tí ojú náà ní kí Ìdòfìn-Àpáta kó kúrò lórí ilẹ̀ rẹ̀, òun ni yóò kọ́kọ́ di ẹrù. Ọmọ tí kò pe òun ní ìyá ni òun bí. Èyí tí ń pè é yìí, ẹlòmíràn ni ó bí i.

“Pa á,” ni ó wí.

Kúforíjì pa dígí ọwọ́ rẹ̀ kíákíá, ó sì ń tọrọ àforíjì.

“Kì í ṣe dígí yẹn nìkan ni mo wí, ọmọ mi. Mo fẹ́ pa ojú ọmọ mi dé.”

Ládépò lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó fa ilẹ̀kùn mọ́ra kí àwọn ọmọ má baà rí inú, ó sì kọ ojú sí pákó rẹ̀, nítorí òun náà jẹ́ baba ọmọ.

Tẹjúmádé tú gèlè rẹ̀, ó so ó mọ́ ìbàdí. Ó yípadà. Ó rìn lọ síwájú láàárín àwọn ìjókòó kékeré pẹ̀lú ojú tí ó wo ilẹ̀, títí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kan ìdí ògiri. Nígbà tí ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, ó móoru bí ara ẹni tí ibà ń ṣe. Ohùn tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni ní kí ó gbé ojú sókè. Ó gbé e sókè.

Kì í ṣe olùkọ́ tí àwọn ọmọ mọ̀ ni ó rí. Fún ìpajúdé, ògiri ń dá ojú padà sí bí ó ti rí lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ gbà á, kí a tó tún un ṣe. Moróunrántí jókòó sórí àpótí nínú yàrá kan tí ó ṣókùnkùn. Orí rẹ̀ ṣí sílẹ̀, òógùn wà ní ọrùn rẹ̀, ó rù ju bí ìyá rẹ̀ ti rántí lọ. Ó fi abẹ́rẹ́ gèlè há ẹnu, ó ń lọ́ gèlè náà, kò sì gún. Ẹnìkan tí a kò rí bá a sọ̀rọ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Ó yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu, ó rẹ́rìn-ín.

“Ẹ dúró ná,” ni ó wí. “N kò tíì ṣe tán.”

Ìmọ́lẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti orí títí dé ìsàlẹ̀, ó sì kú. Ooru ògiri náà pẹ́ díẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ Tẹjúmádé kí ó tó tutù. Ó di ògiri ilé lásán, níbi tí ìdọ̀tí ìka àwọn ọmọdé wà káàkiri ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Kúforíjì ń sunkún. Tẹjúmádé sọ fún un pé kí ó lọ mu omi kí ó tó bọ́ sọ́nà, nítorí pé oòrùn ti mú. Òun fúnra rẹ̀ tú ìlẹ̀kẹ̀ kúrò lọ́wọ́ àwọn ọmọ lábẹ́ igi, kò sì sí ọmọ tí ó bi í ní ohunkóhun. Ládépò ni yóò sọ fún wọn.

Nígbà tí ó délé, ó wọ inú yàrá, ó tẹ́ ẹní, ó sì jókòó lé e. Ó ti jókòó bẹ́ẹ̀ rí ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ṣùgbọ́n nígbà náà kò pẹ́ kí Àjọ tó gbé ojú náà wá, ọ̀rọ̀ sì rú àwọn ará ìlú lójú. Wọn kò mọ bí a ti í kí ìyá ẹni tí wọ́n rí láàárọ̀ yẹn tí ń kọ́ ọmọ wọn ní ìṣirò. Ní ìrọ̀lẹ́ yìí, wọ́n wá. Wọ́n bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n kí i kú ọ̀fọ̀, wọ́n gbàdúrà pé kí ọjọ́ jìnnà síra wọn, wọ́n sì jókòó ti ògiri yàrá. Àwọn ìyá tí ọmọ wọn yóò jókòó fún ìdánwò wà lára wọn. Àwọn mìíràn kò wá.

Bàbá Ìbídùn ni ó wá gbẹ̀yìn. Ó ti wẹ ọwọ́, ó ti pààrọ̀ aṣọ iṣẹ́. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá, kò wọlé, ojú rẹ̀ sì pọ́n.

“Ẹ kú ọ̀fọ̀, Ìyá Moróunrántí,” ni ó wí. “N kò lè dárí jì yín.”

“Mo mọ̀,” ni Tẹjúmádé dá a lóhùn. Ó sún ara, ó sì fi àyè sílẹ̀ lórí ẹní. “Ẹ jókòó.”

Ó pẹ́ kí ó tó jókòó.